Òṣùwọ̀n Tó Ń Mí

Ajé, 3 oṣù kẹta

Mo sáré láàárọ̀ yìí kí àwọn èèyàn tó dé, bí mo ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ìbòmú lójú, ẹ̀rọ ìsáré lábẹ́ ẹsẹ̀, Ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń pariwo "Díẹ̀ sí i! Díẹ̀ sí i!" bí ẹni tó ń ti mọ́tò tó kú sójú ọ̀nà. Díẹ̀-Sí-i ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ láéláé.

Ẹ̀rọ tó ń wọn èémí ní 43.

Èmi kì í ṣe 43. 46 ni mí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti jẹ́ 46. Iye ọ́síjìn tí ara mi ń lò nìyẹn bí mo bá sáré dé ibi tí agbára mi parí sí, kì í sì í yẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi fi mí ṣe òṣùwọ̀n nìyẹn. Bí ẹ̀rọ bá kà mí sí 46, a mọ̀ pé ara rẹ̀ le, a lè jẹ́ kí àwọn olùyọ̀ǹda wọlé wá sáré, kí á fi èsì rẹ̀ wé ohun tí aago ọwọ́ wọn sọ. Bí kò bá kà mí sí 46, ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn.

Tẹ́lẹ̀, àwa méjì la jẹ́ òṣùwọ̀n, èmi àti Olóǹkà tó ń ṣírò gbogbo èsì sínú kọ̀ǹpútà. Olóǹkà lọ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ó wá ku èmi nìkan.

Díẹ̀-Sí-i ò bínú sí mi. Ẹ̀rọ ló ń wò bí ẹni tó mú olè. Ìparí oṣù yìí la máa fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe aago — ṣé lóòótọ́ ni aago wọn lè sọ bí ọkàn èèyàn ṣe lágbára tó, àti iye ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Bí a bá fi falẹ̀, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ibòmíràn, wọ́n á ti yàrá wa pa, oníkálukú á wá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ẹsẹ̀ mi ò gbé jẹ́ẹ́ láti àná. Mo jókòó, òun ń dá rìn lábẹ́ tábìlì.

Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹta

A tú gbogbo ọ̀pá ara ẹ̀rọ, a fọ̀ ọ́, a sá a. A pààrọ̀ ìbòmú. Mo gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì láti lọ gbé èyí tuntun wá láti ìsàlẹ̀, ọkàn mi ń lù bíi pé mo jalè. Kọ́fí ni. Mo ní láti dín kọ́fí kù.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Bàbá Lẹ́tà wá. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi gun kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì lè ròyìn ajá ilé kọ̀ọ̀kan fún ọ àti bí eyín rẹ̀ ṣe rí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jẹ́ kó wá sọ́dọ̀ wa. Lọ́dọọdún, àwọn apínlẹ́tà tó ti fẹ̀yìn tì máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè ẹ̀yìn ìlú. Lọ́dún tó kọjá, àyà fún Bàbá mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí wọ́n fi wá gbé e. Ọmọ ní ó tó gẹ́ẹ́, kò tún gbọ́dọ̀ gun òkè kankan, àyàfi bí ẹ̀rọ bá sọ pé ọkàn rẹ̀ gbé e. Ìparí oṣù yìí ni wọ́n tún ń lọ.

Aago ọwọ́ rẹ̀ ní 31. Ẹ̀rọ ní 22. Aago ń pọ́n ọn, ẹ̀rọ ń bù ú. Ó ní èwo ni kí òun gbàgbọ́. Mo ní ẹ̀rọ ò gbádùn, kó ní sùúrù fún wa. Ojú rẹ̀ là bí ojú ọmọ tí wọ́n sọ fún pé kò sí ilé ìwé lọ́la.

Bí mo ṣe ń tú ìbòmú kúrò lójú rẹ̀, ó wò mí, ó ní: ìwọ ọmọ yìí, èmi tí mo sáré nìyí, ìwọ tí o dúró lo wá ń mí. A jọ rẹ́rìn-ín. Díẹ̀-Sí-i náà rín.

Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta

Àlejò dé. Kì í ṣe àlejò tí wọ́n ń bu omi fún o. Ti oṣooṣù ni. Tẹ́lẹ̀, á kàn yà, á kí wa, á lọ. Láti bí ọdún kan, ńṣe ló ń kó ẹrù wá, tó ń jókòó bí ẹni tó fẹ́ gba ilé. Mo ti sọ aṣọ ìbùsùn méjì nù. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Gbogbo obìnrin ló ń rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi bá mi dín ṣòkòtò kù. Aránṣọ ni, inú yàrá iwájú ilé tí àwa méjèèjì ń gbé ló ti ń rán an, kò sì sí ohun tó lè bọ́ lójú ẹni tó ń wọn ìbàdí èèyàn jẹun. Ó ní ìbàdí mi ti lọ. Ó tún ní kí ni mò ń rún. Mo ní yìnyín. Ó ní yìnyín ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ níbi iṣẹ́ yín ni? Ó kàn ṣáà ń dà á wí: "Wá, jẹ́ kí n wo ojú ẹ. Wá síbí, jàre." Ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀ bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ rà. Ó ní inú rẹ̀ funfun bíi tákàdá.

Inú bí mi. Mo sọ fún un pé ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń wọn ìbàdí. Mo fi ìka há inú ẹ̀rọ ìka tí mo mú wálé, ìyẹn èyí tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, mo fi hàn án. 98. Ó ní kò burú. Ó pa dà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Àìkú, 9 oṣù kẹta

Àlejò ò tíì lọ. Yìnyín tán nínú fíríìjì.

Ajé, 10 oṣù kẹta

40.

Ó wá já sí pé ẹ̀rọ yìí fẹ́ ba tiwa jẹ́ ni.

Èmi náà ń wọ aago yẹn, gbogbo wa ni wọ́n pín in fún. Ṣùgbọ́n tèmi ò sí nínú ìdánwò. Òṣùwọ̀n kì í ṣe olùyọ̀ǹda — o ò lè fi ìwọ̀n wọn ìwọ̀n. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń bi mí léèrè ohun tí tèmi ń sọ, èmi náà ò sì sọ. Ohun tó ń sọ ò dára létí. Láràárọ̀ ló ń gbọ̀n jìgìjìgì lọ́rùn ọwọ́ mi: agbára ọkàn rẹ ń lọ sílẹ̀. Agbára ọkàn rẹ ń lọ sílẹ̀. Aláròyé ni mo sọ ọ́. Bí ìyàwó ilé tí ọkọ rẹ̀ ò dá lóhùn.

Ọ́síjìn nìkan ló gbọ́n sí. 98, 97, 98. Ẹ̀rọ ìka náà gbè é lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ó mọ ọ́síjìn, kò mọ ọkàn. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyẹn.

Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹta

Mo ká aṣọ ìnura, mo fi Aláròyé dè é lọ́rùn. Olóǹkà dúró tì mí. Aago ronú díẹ̀. Ó ní ọkàn aṣọ ìnura ń lù dáadáa, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 96.

Olóǹkà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní Àǹtí, aṣọ ìnura yìí á gun òkè ju Bàbá Lẹ́tà lọ. Ó ní ó yẹ ká fi í ṣe òṣùwọ̀n. Mo rẹ́rìn-ín ju tirẹ̀ lọ. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo ní láti jókòó.

Mo sọ Aláròyé sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, mo tì í pa. Mi ò lè gba ìwàásù lẹ́nu ohun tó bá aṣọ ìnura ṣọ̀rẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kẹta

Atúnẹ̀rọṣe wá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju àwo tí a fi ń jẹun lọ. Ó da afẹ́fẹ́ inú sílíńdà tó gbé wá sí ẹ̀rọ, irú tí wọ́n ti wọn láti ilé iṣẹ́. Ẹ̀rọ kà á bó ṣe wà. Ó dà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ tún kà á bó ṣe wà. Ó pa àpótí rẹ̀ dé, ó ní ẹ̀rọ yín ò ní nǹkan kan.

Díẹ̀-Sí-i ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òṣùwọ̀n wa jẹ́ 46, ẹ̀rọ ń kà á sí 40. Ọkùnrin náà béèrè pé ta ni òṣùwọ̀n. Gbogbo wọn tọ́ka sí mi. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀, ó ní ṣé ara yá. Kí n tó la ẹnu, Díẹ̀-Sí-i ti dá a lóhùn: ara rẹ̀ yá, sárésáré ni láti kékeré. Lóòótọ́ ni. Mo gba ife nílé ìwé. Ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù títí dòní, ẹ̀gbọ́n mi ń kó bọ́tìnì sínú rẹ̀.

Ọkùnrin yẹn lọ. Wọ́n ní kò mọ iṣẹ́. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀.

Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹta

Mi ò lè jókòó. Mi ò lè dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń yún mi láti inú eegun. Mo gbálẹ̀ ilé tó mọ́, mo tún fọ aṣọ tó mọ́, ó rẹ̀ mí débi pé mo sunkún lórí garawa. Ẹ̀gbọ́n mi yọjú, ó pa dà. A ò tíì parí ìjà ìpéǹpéjú.

Ajé, 17 oṣù kẹta

37.

Ojú mi ṣú kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ìràwọ̀ kéékèèké. Mo di irin mú, mo ṣe bí ẹni tó ń so okùn bàtà. Díẹ̀-Sí-i ò rí mi, ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ. Ó ń gbá a ní ẹ̀gbẹ́. Ó ní ẹ̀rọ yìí ti ya wèrè.

Olóǹkà ló rí ọgbọ́n dá sí i. Ó ní ṣebí a mọ iye tí ẹ̀rọ fi ń bù ú: òṣùwọ̀n jẹ́ 46, ó ń kà á sí 37, ó ń jẹ mẹ́sàn-án. Kí á máa fi mẹ́sàn-án kún èsì gbogbo èèyàn, ó parí. Díẹ̀-Sí-i fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e jó. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ó bọ́gbọ́n mu. Ó bọ́gbọ́n mu gan-an ni. N ò mọ ìdí tí inú mi ò fi dùn.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹta

Bàbá Lẹ́tà tún wá sáré. Ẹ̀rọ ní 22. A fi mẹ́sàn-án kún un: 31. Ó bá ti aago mu rẹ́gí! Díẹ̀-Sí-i ní ẹ wò ó, aago yìí ò purọ́ rárá. Bàbá fò sókè nínú bàtà rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀, òun ti mọ̀ tipẹ́, afẹ́fẹ́ lásán ló fún òun láyà lọ́dún tó kọjá.

Ó ní kí n bá òun pe ọmọ òun, nítorí kò ní gba ọ̀rọ̀ òun nìkan gbọ́. Mo pè é. Ohùn obìnrin náà le, ohùn ẹni tó ti sunkún rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú, mà. Mo ní ọkàn bàbá yín ń ṣiṣẹ́ ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn lọ. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run bù kún mi.

Èmi ni mo sọ ọ́ o. Ẹnu mi ló ti jáde.

Ẹtì, 21 oṣù kẹta

Ìjábọ̀ ti lọ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Aago wọn yege: ọkàn, ó mọ̀ ọ́n, ọ́síjìn, ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n pín bisikíìtì. Díẹ̀-Sí-i kọrin. Wọn ò ní ti yàrá wa pa.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ gba afẹ́fẹ́, mi ò lè gòkè pa dà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń tú okùn bàtà, mo ń so ó. Agbálẹ̀ ilé iṣẹ́ kọjá, ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó tún kọjá, mo ṣì wà níbẹ̀. Ó ní okùn yẹn mà le o.

Àìkú, 23 oṣù kẹta

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè rí i. Mi ò mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ìjábọ̀ ti lọ, iṣẹ́ wà, ẹ̀rọ ìka ní 98. Kí ló wá kù?

Ajé, 24 oṣù kẹta

34. Mi ò tilẹ̀ sáré dé òpin. Olóǹkà ní kò sí wàhálà, òun ti sọ mẹ́sàn-án di méjìlá.

Bí ẹni ń bá ọ ran aṣọ tó ń ya, kó má bi ọ́ pé kí ló ń ya á. Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo rún yìnyín.

Ẹtì, 28 oṣù kẹta

Ọsibítù ni mo ti ń kọ eléyìí. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́, nítorí ọ̀pá wà lára ọ̀tún, ìdí nìyẹn tó fi rí wúruwùru.

Inú yàrá ìránṣọ ni mo ṣubú sí. Mo kàn fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n mi ká aṣọ kan ni. Ó ní òun gbọ́ gbì, òun rò pé ẹ̀rọ ìránṣọ ló wó. Nígbà tí mo lajú, mo wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì ń bú mi. Gbogbo èébú tó ti fi pamọ́ láti ọjọ́ ìpéǹpéjú ló bù lé mi lórí pátá, pẹ̀lú ẹkún. Ó dùn mọ́ mi. Lóòótọ́ ni mo wí.

Dókítà náà kéré, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í yára sọ̀rọ̀. Òun náà fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo wo ògiri.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ yẹ̀ wò. Dókítà pa dà dé, ó ní ẹ̀jẹ̀ tó kù lára mi ò tó ìdajì èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ó béèrè nípa nǹkan oṣù mi. Mo ròyìn Àlejò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò mọ̀ pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ títí mo fi gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi. Wọ́n yẹ inú mi wò: kókó ni, mẹ́ta, wọ́n hù sínú ilé ọmọ. Àwọn ló ń dà mí lẹ́jẹ̀ láti bí ọdún kan.

Mo ní ṣùgbọ́n ọ́síjìn mi jẹ́ 98, Dókítà, èmi ni mo máa ń wọ̀n ọ́n fúnra mi. Ó ní òótọ́ ni, 98 náà ni. Ó ní wò ó báyìí: ẹ̀jẹ̀ rẹ ni ọkọ̀ tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri. Aago rẹ kàn ń sọ pé gbogbo ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà kún fọ́fọ́ ni. Kò sọ iye ọkọ̀ tó kù fún ọ. Ọkọ̀ rẹ ò ju díẹ̀ lọ mọ́.

Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí mi lára. Ó ń kán tó, tó. Mi ò mọ ẹni tó ni ín. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáá.

Àbámẹ́ta, 29 oṣù kẹta — òwúrọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó kọ́kọ́ jọ mí lójú bí àlá ni, mo sì jókòó dìde.

Bí ẹ̀jẹ̀ mi bá ń lọ láti bí ọdún kan, èmi kì í ṣe 46. 43 ni mo jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ sọ pé 43 ni mí. 40 ni mo jẹ́. 37 ni mo jẹ́. Ẹ̀rọ ò ṣàìsàn lọ́jọ́ kankan. Èmi ni. Atúnẹ̀rọṣe yẹn sọ fún wa, a ní kò mọ iṣẹ́.

Mẹ́sàn-án tí a fi kún èsì gbogbo èèyàn, ẹ̀jẹ̀ mi ni. Ẹ̀jẹ̀ tí mo pàdánù la mú, tí a pín fún wọn bíi bisikíìtì.

Bàbá Lẹ́tà jẹ́ 22.

Òní ni wọ́n ń gun òkè.

Ọjọ́ yìí kan náà

Mo pè é, kò gbé e. Mo tún pè é. Nọ́ọ̀sì ní kí n dùbúlẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, òun náà ń pè é, ó ń rìn káàkiri yàrá pẹ̀lú òwú ìránṣọ lára kaba rẹ̀. Níkẹyìn, a gbọ́ afẹ́fẹ́, a gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́, a gbọ́ ẹ̀rín àwọn àgbà ọkùnrin.

Ó ní ta nìyẹn. Ohùn rẹ̀ dùn bíi ti ọkọ ìyàwó. Ó ní àwọn ti wà ní ìsàlẹ̀ òkè, àwọn ń dúró de ẹnì kan tí táyà rẹ̀ jò.

Mo ní Bàbá, ẹ má gùn ún.

Ó ní kí ló dé. Mo ní mo purọ́ fún yín. Mo ní ẹ̀rọ ò purọ́, èmi ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ dàrú — kókó, ẹ̀jẹ̀, mẹ́sàn-án — mi ò mọ ohun tó gbọ́ níbẹ̀. Ó bínú. Ó ní ṣebí ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún ọmọ mi. Mo ní èmi ni, sà. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ti ń gun kẹ̀kẹ́ wọn. Mo ní Bàbá, mo bẹ̀ yín.

Ó wá béèrè pé níbo ni mo ti ń pe òun. Mo ní lórí ibùsùn ọsibítù. Mo gbọ́ tó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Ẹni tó máa dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Mo wo tìẹ, ọmọ mi. Mo rí bó o ṣe ń mí lọ́jọ́ yẹn. Nọ́ńbà yẹn ló ṣáà dùn mọ́ mi."

Ó ní òun á jókòó ti báàgì wọn nísàlẹ̀. Ó ní kí n sinmi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó pariwo sí àwọn yòókù pé kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n má sáré jù, àgbàlagbà ni wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí ibùsùn mi. Àwa méjèèjì sunkún bí ọmọdé.

Àìkú, 30 oṣù kẹta

Díẹ̀-Sí-i wá, ó mú ọsàn dání. Mo sọ fún un. Mo rò pé ó máa pariwo. Ó jókòó, ó ń bó ọsàn kan títí èèpo rẹ̀ fi tán, kò jẹ ẹ́. Ó ní òun ló dúró tì mí ní gbogbo ọjọ́ Ajé, òun ló ń sọ pé díẹ̀ sí i. Ó ní lọ́la òun á kọ̀wé sí àwọn onílé-iṣẹ́ aago pé òun gba ìjábọ̀ pa dà, kí wọ́n tiẹ̀ ti yàrá pa bí wọ́n bá fẹ́.

Olóǹkà mú Aláròyé wá fún mi láti inú dúrọ́ọ̀. Kò lè wò mí lójú. Mo ṣí i. Ìlà kan ló wà níbẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kìíní, bí ẹni ń sọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Nọ́ńbà rẹ̀ ò tọ́, ó ga ju ti ẹ̀rọ lọ, bó ṣe ga jù fún Bàbá Lẹ́tà náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé mò ń lọ sílẹ̀. Ó sọ ọ́ láràárọ̀. Mo tì í mọ́nú dúrọ́ọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kẹrin

Ọmọ Bàbá Lẹ́tà pè. Wọ́n ti yẹ ọkàn bàbá rẹ̀ wò lọ́sibítù, iṣan kan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá. Wọ́n ti là á. Dókítà ní ká ní ó gun òkè yẹn ni. Kò parí gbólóhùn náà, èmi náà ò ní kó parí rẹ̀.

Kò bú mi. Kò sì gbàdúrà fún mi lọ́tẹ̀ yìí.

Ìṣẹ́gun, 22 oṣù kẹrin

Oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá máa ń mú inú èèyàn wú. N ò rún yìnyín mọ́. Mo wo fíríìjì, mo wo yìnyín, kò wù mí. Ohun ìyanu: Dókítà ní àìtó ẹ̀jẹ̀ ló ń mú mi rún un, òun náà ló ń yún mi lẹ́sẹ̀. Oṣù kẹfà ni wọ́n máa yọ kókó.

Ajé, 12 oṣù karùn-ún

Wọn ò ti yàrá wa pa. Àwọn onílé-iṣẹ́ aago bínú, wọ́n rọ̀jò ọ̀rọ̀, wọ́n wá ní ká bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun. Orúnkún Olóǹkà ti san, òun náà ti pa dà di òṣùwọ̀n, atúnẹ̀rọṣe á sì máa gbé sílíńdà rẹ̀ wá lóṣooṣù. Díẹ̀-Sí-i lọ bẹ̀ ẹ́ nílé.

Mo sáré láàárọ̀ yìí. Dókítà ti yọ̀ǹda, kò sì sẹ́ni tó pariwo díẹ̀ sí i. Ibi tó rẹ̀ mí dé ni mo gbé ọwọ́ sókè. Ẹ̀rọ ní 39. Olóǹkà kọ 39, kò fi nǹkan kan kún un.

Díẹ̀-Sí-i ò wo ẹ̀rọ. Èmi ló ń wò. Ó ní báwo ni ara.

Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gun ohun yìí, kò sẹ́ni nínú yàrá wa tó bi mí rí. Mo fẹ́ sọ pé ara le, ó ti wà lẹ́nu mi. Mo ní ó rẹ̀ mí díẹ̀, sà.

Ó fa àga fún mi. Mo jókòó. Ẹsẹ̀ mi gbé jẹ́ẹ́.